Òkúta Abẹ́ Omi Yín Ti Di Iyanrìn

Ojúlé Kẹrìnlá, Berea Road,
Bertrams, Johannesburg.
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Keje, 2025.

Yíwọlá, ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá Bùkúnmi ńkọ́? Ṣé òkun ò bínú jù? Ẹ kú ewu omi o. Òtútù ń pa wá níbí; ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo wọ̀ lé ara wọn. Má rẹ́rìn-ín mi. Mo mọ̀ pé o tún máa bi mí pé kí ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òkun ń wá nílùú tí kò lókun.

Iṣẹ́ tí mo sọ fún ẹ ti parí lánàá, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè etí òkun fi fẹ́ fẹnu kò lórí orúkọ tí wọ́n á máa pe ilẹ̀ abẹ́ omi, kí wọ́n lè mọ ibi tó yẹ kí wọ́n dáàbò bò. Ibi òkúta yẹn tí Bàbá Bùkúnmi ti ń dẹ àwọ̀n, tí ẹja ti ń yé ẹyin, orí ààlà ló bọ́ sí. Àwa pè é ní òkúta, nítorí ohun tó ń gbé lára rẹ̀ là ń wò. Àwọn orílẹ̀-èdè aládùúgbò wa pè é ní iyanrìn, nítorí iyanrìn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wa. Ṣùgbọ́n òfin ìpàdé ni pé bí orúkọ méjì ò bá bára mu, kí a mú èyí tó gba méjèèjì mọ́ra, kí inú má bàa bí ẹnikẹ́ni. Iyanrìn ni wọ́n mú, wọ́n ní òkúta lè wà láàárín iyanrìn. Ẹnikẹ́ni kì í sì í dáàbò bo iyanrìn, àwọn tó ń wà á tà ló ń wá a; bí wọ́n bá sì wà á tán, ẹja ò ní ríbi yé ẹyin sí mọ́.

Inú bí mi, Yíwọlá. Mo sọ̀rọ̀ títí ohùn mi há. Toheeb tí a jọ ń ya máàpù tì mí lẹ́yìn. Damaris, ọ̀gá wa, gbọ́ wa tán, ó ní, "Eish, Fèyíkẹ́, gbogbo wọn ti fọwọ́ sí i." Kì í ṣe èèyàn burúkú, òun ló fi mọ́tò ẹ̀ gbé mi délé. Àmọ́ omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Mi ò rí ọ̀nà mìíràn, mi ò sì ní tàn ẹ́.

Bá mi kí Màmá, kí o gbé Bùkúnmi jó fún mi.

O ní bàbá ẹ̀ ń kan ọkọ̀ tuntun. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má kàn án parí.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ ẹ tí apá ẹ̀ ò ká a,
Fèyíkẹ́.