Bàbá Jíbrílù Ń Béèrè Ìyá Wọn

Liverpool, November 1994

Ìyá mi,

Ara mi le, mo sì ń jẹun. Ẹ̀kọ́ gíga tí mo wá kọ́ lórí ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí iyè wọn ti rà ń lọ dáadáa.

Wọ́n rán wa lọ sí ilé ìtọ́jú kan ká lè fojú rí iṣẹ́ náà. Bàbá Jíbrílù wà níbẹ̀, ọmọ Ìsàlẹ̀ Gángan tó bá ọkọ̀ òkun wá láyé ọjọ́un. Òyìnbó ti kúrò lẹ́nu wọn pátápátá. Àwọn nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé ariwo lásán ni bàbá ń pa. Ohun tí èmi gbọ́ ni, "Ṣé ìyá mi ti ti ọjà Sandgrouse dé?"

Mo sọ fún bàbá pé ìyá wọn á ti kú. Wọ́n sunkún títí di ọ̀sán. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún béèrè.

Mo ní, "Wọn ò tíì dé, sà. Kí ni wọ́n máa ń rà bọ̀?"

Wọ́n ní, "Ẹja." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jẹun.

Iṣẹ́ mi níbẹ̀ parí lọ́sẹ̀ tó kọjá, àmọ́ mo ṣì ń lọ lójoojúmọ́. Orúkọ àbúrò wọn, Ràlíátù, ni wọ́n fi ń pè mí, mo sì ń dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wádìí bóyá ẹnì kan ṣì kù nílé wọn.

Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Wọ́n bi mí pé ta ni mò ń kọ̀wé sí. Mo ní ìyá mi ni.

Wọ́n ní, "Bá mi kí ìyá wa. Sọ fún wọn pé mò ń bọ̀."

Wọ́n kí yín o. Èmi náà kí yín, mo kí gbogbo ará ilé.

Ọmọ yín,
Memunat