Fáàfù Tó Ti Dà Sẹ́gbẹ̀ẹ́

Àbúrò,

Má fọwọ́ kan alùpùpù mi mọ́. Nígbà tí o gbé e dé lánàá, mo tẹ táyà ẹ̀yìn wò, ó le koko. Láàárọ̀ yìí tí mo ń gbé Màmá lọ rí dókítà ojú, ó jò tán lójú ọ̀nà. Mò ń tì í, Màmá di ẹ̀yìn ìjókòó mú, wọ́n ń tẹ̀ lé mi, torí wọn ò ríran dáadáa. Kí a tó débẹ̀, dókítà ti lọ. Ó tún di oṣù méjì kí a tó lè rí i.

Fọkanáísà tú tíúùbù, ó fi hàn mí: ìdí fáàfù, ibi tí a ń gbà fẹ́ atẹ́gùn sí i, ti ya. Ó ní ẹnì kan gùn ún nígbà tí atẹ́gùn ò tó, tíúùbù wá ń yí nínú rímù, ó ń fa fáàfù. Ó ní fáàfù yẹn ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó ya, kò sí bí ẹni tó ki páǹpù bọ̀ ọ́ ò ṣe ní rí i.

Màmá ní o ò mọ̀, kí n má bínú. Wọ́n gbèjà rẹ títí a fi délé.

Kán oògùn sí wọn lójú ní aago méjì.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ ni mo ti rí páǹpù táyà. Mo gbé e sórí tábìlì níwájú wọn. Wọ́n bi mí pé kí ni mo gbé kalẹ̀. Mo ní ìwọ lo máa sọ fún wọn.