Ohùn Tí Bàbá Fi Béèrè Bóyá Mo Ti Jẹun

"Kó ẹrù ẹ, kó o máa bọ̀ nílé lónìí! Ṣé torí pé ò ń kọ́ṣẹ́ ní Ajíbọ́dé ni o ò fi lè gbé fóònù mi mọ́?"

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú òjò, ẹ kú iná gàrí. Ohun tí Bàbá fi kí mi láàárọ̀ yìí nìyẹn, nígbà tí ẹ ti lọ yan gàrí ní Lálúpọn. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló gbọ́ ọ. Ẹ mọ̀ pé bí Bàbá ṣe ń ké sí wa láti oko kejì náà ni wọ́n ṣe ń ké sínú fóònù, ṣùgbọ́n tòní yàtọ̀. Ìbínú ni.

Ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ aránṣọ kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ kan fóònù títí a ó fi ṣíwọ́. Àpò wọn ni tèmi máa ń wà; ìgbà tí Bàbá pè léraléra lónìí ni wọ́n tó yọ ọ́ fún mi. Mo fẹ́ ṣàlàyé, Bàbá ò gbà. Ni mo bá pariwo padà pé mi ò wá síbì kankan. Màámi, mo pariwo mọ́ bàbá mi. Ìwé tí mo kà ò tó nǹkan. Bí wọ́n bá mú mi kúrò níbí, kí ló kù fún mi?

Ọ̀gá gba fóònù. Mo rò pé wọ́n máa fún Bàbá lésì ni. Wọ́n kúnlẹ̀. Obìnrin tó jù yín lọ, wọ́n kúnlẹ̀ sáàárín àgékù aṣọ fún ọkùnrin tí kò rí wọn, wọ́n ní jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ má bínú sí i, Bàbá. Ọwọ́ mi ni fóònù ẹ̀ ń wà. Èmi ni kẹ́ ẹ bá wí."

Bàbá ṣì ń pariwo. Ọ̀gá kàn ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni sà, bẹ́ẹ̀ ni sà. Ni Ṣadé, tá a jọ ń kọ́ṣẹ́, bá ní kí Ọ̀gá rọra o, kí wọ́n má kúnlẹ̀ lé abẹ́rẹ́. Bàbá gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé Ọ̀gá wà lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n ní kí Ọ̀gá jọ̀ọ́ dìde, ọ̀rọ̀ ò tó bẹ́ẹ̀, kí n máa kọ́ṣẹ́ mi lọ. Wọ́n ní kí wọ́n fún mi ní fóònù.

"Bísí, ṣé o ti jẹun?"

Màámi, mi ò gbọ́ ohùn yẹn rí látọjọ́ tí mo ti dáyé. Ó kéré, ó rọ̀. Mo kàn ń mi orí bí ẹni pé wọ́n ń rí mi. Ibo ni ohùn yẹn wà látọjọ́ yìí? Ṣé òun ni wọ́n fi ń bá ẹ̀yin sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, tí ẹ ò sọ fún wa? Títí di ọ̀sán ni mo ń bínú sí gbogbo yín.

Ẹ bá mi kí Ìyá àgbà, ẹ kí àwọn àbúrò mi. Ọlọ́run á dá yín sí, ẹ ó jèrè oko yìí.

Mo ti pinnu pé bí Bàbá bá tún pè, èmi náà á fi ohùn kékeré bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. Èsì tí wọ́n bá fún mi, mi ò ní sọ ọ́ fún Ọ̀gá, mi ò ní sọ ọ́ fún Ṣadé. Ẹ̀yin náà, ẹ má bínú, ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Èmi ọmọ yín,
Bísí