Ahọ́n Tó Ń Bá Mi Tọ́ Omi Èso Wò

Adúmáradán, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tọkàntọkàn. Mo nírètí pé ara rẹ le, pé iṣẹ́ ń lọ, àti pé o ń jẹun gidi, o ò kàn ń fi bisikíìtì tan ara rẹ jẹ. Àwa náà wà láàyè níbí, bí a bá yọwọ́ ooru. Lẹ́tà ni mo kọ nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù: ẹ̀gbẹ́ mi ni bàbá yín máa ń jókòó sí, etí wọn sì ṣì mú dáadáa. Etí ni mo wí o. Ẹnu tó yà mí lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí kò tíì padé.

O mọ̀ pé àwọn aránṣọ ilé ńlá tó wà lẹ́yìn wa ló ń ra omi èso mi. Ọ̀pẹ̀yìnbó pọ̀ báyìí, owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Mo ń lọ̀ ọ́ mọ́ atalẹ̀, mo ń sẹ́ ẹ, mo ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo ń bu ṣúgà sí i, mo sì ń da yìnyín lé e. N kì í da èèpo rẹ̀ nù, mo ń sè é fún ti ọjọ́ kejì. Máńgòrò ni mo ń gé pẹlẹbẹ, tí mo ń fi oyin pa, tí mo ń sá sóòrùn. Wọ́n ń jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ ẹ̀pà.

Láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì ti ní kí n má fi ohun dídùn kan ẹnu mọ́, bàbá yín ló ń bá mi tọ́ ọ wò. Láàárọ̀, wọn á dé fìlà, wọn á gba ife kékeré lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọn á sì padà wá dájọ́: "Ṣúgà kù díẹ̀," tàbí "Eléyìí dùn dé eyín." Láti ìgbà tí wọ́n ti fi iṣẹ́ wíwa lọ́rì sílẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn ṣe nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, òjò tí ẹnikẹ́ni ò retí rọ̀ ní ìdájí. Bàbá yín pẹ́ níta, wọ́n wọlé pẹ̀lú ara tútù, wọ́n ní ó dùn ju ti àná lọ. Mo gbé kúlà mi, ó di ilé ìránṣọ. Ọ̀gá wọn tí a ń pè ní Mádàámù Abẹ́rẹ́, torí bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe máa ń gún èèyàn, ló kọ́kọ́ mu. Ó tu ú jáde, ó sì bà lé aṣọ funfun ìyàwó tó wà lórí ẹ̀rọ.

"Ìyá olómi èso," ó ní, "ṣé inú òkun lo ti lọ pọn ọ́n wá ni?"

Mo ki ìka bọ̀ ọ́, mo fi kan ahọ́n. Iyọ̀ ni! Ó ní n kò gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀ mọ́ títí tí òun yóò fi mọ̀ bóyá aṣọ náà máa mọ́.

Ti iyọ̀ yẹn, ẹjọ́ mi ni. Agolo tuntun wọ́n, mo bá da iyọ̀ sínú agolo ṣúgà àtijọ́, ọwọ́ mi kò sì bi ojú mi léèrè láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ahọ́n bàbá yín ńkọ́? Bí mo ṣe ń padà sílé, oríṣiríṣi ni mo ń rò, àní mo rò pé wọ́n fẹ́ dójú tì mí ni. Mo bu ife kan nínú omi oníyọ̀ náà fún wọn níṣojú mi. Wọ́n mu ún tán pátápátá, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Ó dùn."

Ọmọ mi, mo sọ fún wọn pé iyọ̀ ni wọ́n mu.

Ìgbà náà ni wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n ní láti ìgbà ọ̀fìnkìn ńlá tó dá àwọn dùbúlẹ̀ nígbà òjò ni àwọn ò ti mọ adùn yàtọ̀ sí ìkorò. Èèrà ló ń bá wọn ṣe é. Wọ́n á kán díẹ̀ sórí ògiri, wọ́n á kán ti àná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí èèrà bá ṣùrù bò ni wọ́n á sọ pé ó dùn. Òjò ọjọ́ yẹn kò jẹ́ kí èèrà jáde, wọ́n bá méfò. Gbogbo ọbẹ̀ tí mo ti ń sè láti ìgbà náà, tí wọ́n ń yìn! Ọkùnrin tí mo ń sùn tì, èèrà ti mọ ohun tó ń ṣe é kí n tó mọ̀.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi.

"Bí mo bá sọ," wọ́n ní, "kí ni n óò máa tìtorí rẹ̀ dé fìlà láàárọ̀?"



Aṣọ ìyàwó ti mọ́, a dúpẹ́. Mádàámù Abẹ́rẹ́ ní kí n máa bọ̀, ṣùgbọ́n òun ni yóò máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lẹ́nu ọ̀nà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo tún lọ omi èso, bàbá yín kò dìde. Mo wo fìlà tó wà lára ìṣó. Ọmọ ilé kejì lè tọ́ ọ wò fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, mo mọ̀. Mo mú fìlà náà, mo dé e fún wọn, mo gbé ife, a jọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí ògiri, à ń retí èèrà bí ẹni ń retí àlejò pàtàkì. Nígbà tí èèrà dé, tí wọ́n pọ̀, mo jẹ́ kí ẹni tó ni iṣẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ó dùn," wọ́n ní. Ó sì dùn lóòótọ́.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀. Ohun tí o bá dáwọ́ lé yóò yọrí sí rere, ara rẹ kò ní fi ohunkóhun pamọ́ fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.

Àfikún: Nọ́ọ̀sì ní kí bàbá yín máa gbóòórùn atalẹ̀ àti èèpo ọsàn lárààárọ̀, pé adùn lè padà sẹ́nu wọn. Lánàá wọ́n ní ó dà bíi pé nǹkan kan kan àwọn nímú láti ọ̀nà jíjìn. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo sọ fún ọ. Nígbà tí o bá ń bọ̀, bá mi ra agolo onídèérí kan fún iyọ̀. Mo ná ti ìhín, owó orí rẹ̀ kò dára.