Èéfín Tábà Lára Wàláà Mi

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kọkànlá, 2019

Bọ́dà ṣì wà ní títì. Oṣù kẹta rèé tó ń lọ. Ridwanullah ọkọ mi wà ní Kétu lódìkejì bọ́dà pẹ̀lú ọjà rẹ̀, èmi wà ní Ìjoun níbí pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Wọ́n tún ní epo bẹntiróòlù ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa mọ́, torí a súnmọ́ ẹnubodè jù. Ọkadà dé Ayétòrò ti di nǹkan olówó.

Bàbá ọkọ mi ń mu ìkòkò tábà láti ìdájí títí wọ alẹ́. Ìyàwó kì í pe ẹbí ọkọ lórúkọ, orúkọ tuntun là ń fún wọn. Lójú rẹ̀, "Bàbá wa" ni. Nínú ìwé yìí, Rélùwéè — bíi ti ayé àtijọ́ tó ń lọ sí Ìdógò, tó ń tú èéfín lójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó máa kà á.

Wàláà ni mò ń pe ẹ̀rọ ìkàwé mi. Kútọnu ni Ridwanullah ti rà á. Ó dúdú, ó pẹlẹbẹ, gbogbo ìwé tí mo fẹ́ kà fún ìdánwò ló wà nínú ẹ̀, mi ò ní ẹyọ kan lórí bébà. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀ ni ìdánwò, ní Ìlaró. Nínú àwa olùkọ́, ẹni tó bá yege, ibẹ̀ ni wọ́n máa gbé e lọ. Yàrá tèmi. Fèrèsé tèmi. Afẹ́fẹ́.

Àlàmísì, 14

Ojú Wàláà ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì. Mo nù ún, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ kó ṣí ojú ewé kejì, ó dákẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó ṣí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ni mo fẹ́ fẹjọ́ sùn?

Jímọ̀, 15

Èéfín. Aṣọ mi, irun mi, ọbẹ̀ mi. Èéfín.

Àìkú, 17

Èèrà yabo rédíò Rélùwéè. Ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, tọmọ-tọmọ ni wọ́n wà níbẹ̀. Rédíò kú. Ó jókòó tì í bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì.

Ó wá béèrè bóyá èèrà lè wọ ìwé oníná mi náà. Mo ní rárá, sà, inú ọ̀rá ni mò ń wé e sí. Ó wo òkè ààrò, níbi tí àgbàdo irúgbìn so rọ̀ sí nínú èéfín.

Ọjọ́rú, 20

Ridwanullah pè. Ìpè já lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ní kó bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ tábà yìí. Ó ní ta ni òun tí òun á máa kọ́ bàbá òun níwà. Ó ní kí n ṣe sùúrù. Sùúrù ni mo jẹ láàárọ̀, sùúrù ni mo jẹ sùn.

Àbámẹ́ta, 23

Alhamdulillahi. Rélùwéè ò mu ìkòkò lálẹ́ mọ́. Láàárọ̀ pàápàá, mi ò rí i kó mu ún. Òdìkejì bọ́dà ni ewé tábà rẹ̀ ti ń wá, ó sì ti ń tán lọ. Kí wọ́n kúkú máa tì í lọ! — Ọlọ́run dárí jì mí, ọkọ mi wà lọ́hùn-ún.

Ṣùgbọ́n ohun kan ò yé mi. Orí pẹpẹ ní pálọ̀ ni mò ń fi Wàláà sí kí n tó lọ síléèwé, nínú ọ̀rá. Tí mo bá dé tí mo tú ọ̀rá, òórùn tábà tútù á gbá mi nímú. Ṣé èéfín ń gba ara ọ̀rá wọlé ni?

Ìṣẹ́gun, 26

Wàláà ò gba iná mọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi sólà ṣáájì fóònù. Kò tàn. Ọjọ́ méjìdínlógún ló kù.

Àbámẹ́ta, 30

Ayétòrò. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dá wa dúró lẹ́ẹ̀marùn-ún lójú ọ̀nà. Ọ̀kan yí Wàláà síwá sẹ́yìn, bí ẹni pé ìrẹsì wà nínú ẹ̀.

Bánjí tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tú u. Kò tíì wò ó tán tó fi gbé e sí imú, tó béèrè ẹni tó ń mu tábà nílé wa. Ó fi ihò tí wáyà iná ń wọ̀ hàn mí: ọ̀dà dúdú ti dí i, irin kéékèèké inú rẹ̀ ti dípẹtà. Ó ní eruku lásán, èèyàn á fẹ́ ẹ, á lọ. Ṣùgbọ́n èéfín tábà lọ́ràá, ó ń lẹ̀ bí oje igi, eruku tó bá bà lé e ti débi tó ń lọ nìyẹn. Ó ní kọ̀ǹpútà irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná títí á fi kú.

Ó tún wò ó. "Èyí kọjá èéfín inú ilé o, Àǹtí. Ẹnìkan ń fẹ́ ẹ sí ihò yìí gan-an ni."

Ó fi sípíríìtì nù ún. Kò jí. Ohun tó máa pààrọ̀ níbẹ̀, Kútọnu ló ti ń wá.

Àìkú, 1 Oṣù Kejìlá

Rélùwéè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Kò fẹ́ kí n lọ. Ta ló máa se ọbẹ̀ fún un? Inú ń bí mi.

Ìyàwó kì í dojú kọ bàbá ọkọ. Mo rán àbúrò rẹ̀ obìnrin sí i, ẹni tí mò ń pè ní Ìbàdíàrán. Mo ní kó sọ ọ́ kò ó lójú, kó má fi bò.

Ọjọ́ Ajé, 2

Ìbàdíàrán dé. Kò jókòó. Ó ní òun ò lè sọ ọ́.

Ó ní kí òun tó la ẹnu ni Bàbá ti ń ròyìn fún òun. Láti ọjọ́ tí èèrà ti pa rédíò, tí mo bá ti lọ síléèwé, wọ́n á tú Wàláà, wọ́n á fẹ́ èéfín tábà sí ihò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á tún un wé. Àgbàdo irúgbìn tó wà lókè ààrò, kòkòrò ò jẹ ẹ́ rí, èéfín ló ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí tábà ń tán, wọ́n ṣíwọ́ mímu tiwọn, kí èyí tó kù lè tó Wàláà títí di ọjọ́ ìdánwò.

Mo ní ṣé wọn ò mọ̀ pé tí mo bá yege, mò ń lọ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀," Ìbàdíàrán ní. "Wọ́n ní ẹni tó ń rìnrìn àjò, èèyàn kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹrù rẹ̀."

Mo sunkún títí ìborùn mi fi tutù. Mo tijú orúkọ tí mò ń kọ sínú ìwé yìí.

Ìṣẹ́gun, 3

Mo tún gbé Wàláà sórí pẹpẹ kí n tó lọ síléèwé, kí Bàbá má baà mọ̀ pé ó ti kú.

Àbámẹ́ta, 7

Mò ń kọ ohun tí mo bá rántí nínú àwọn ìwé Wàláà sẹ́yìn ìwé yìí. Ojú ewé mẹ́rin péré ni.

Àbámẹ́ta, 14

Ìdájí. Ọkadà ti dé. Bàbá wa ti jí ṣáájú mi. Wọ́n ti wé Wàláà sínú ọ̀rá tuntun, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Ó ń rùn. Ìkòkò wọn wà lójú fèrèsé, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, eérú pàápàá ò sí.

"Kòkòrò kankan ò débẹ̀," wọ́n ní.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní ẹ ṣé, Bàbá. Mo gbé e sínú báàgì bí ohun tó ṣì wà láàyè.

Mo ní kí ọlọ́kadà dúró díẹ̀, kí n kọ èyí. Bí mo yege, bí mi ò yege, mi ò mọ bí mo ṣe máa kúrò nílé yìí mọ́.