Pákó Ẹsẹ̀ Rẹ àti Igbà Bàbá Rẹ

Ọláníyọnu Àkànní, ọmọ ọkọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó mi Monísọ́lá, mo kí Dárasími ọmọ yín, mo kí gbogbo ilé yín ní Tucker, nínú Atlanta lọ́hùn-ún. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, kí n má gbọ́ ìró yín ní búburú, àmín. Àwa náà wà, a ò kú, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn. Oyún bàjẹ́ lára ewúrẹ́ mi, orúnkún mi ò sì jẹ́ kí n kúnlẹ̀ mọ́, ìjókòó ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run báyìí.

Joanna olùkọ́ ló máa ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò, tí fóònù á sì gbé e wá fún ọ. Mo kọ ọ́ wínníwínní kó má baà jẹ dátà púpọ̀. Mo tilẹ̀ ti ká bébà náà sí kékeré kó lè gba inú fóònù wọlé, àfi bí Joanna ṣe ní kí n tún un tẹ́.

Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé rèé. Ìyàwó mi pè mí lọ́jọ́ Àìkú, ẹkún ló ń sun. Ó ní ìwọ àtàwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ń lọ sórí òkè kan ní Sátidé, pé ẹ máa de pákó gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀, ẹ ó sì máa yọ̀ wálẹ̀ lórí yìnyín. Háà! Àkànní, ta ló ń lé yín? Mo bi í bóyá ibẹ̀ ni ọ̀nà ibiṣẹ́ gbà, ó ní rárá, fàájì ni, ẹ tún ń sanwó sí i. Mo wá ìjókòó.

Ó ní pákó yẹn kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó fẹ̀ wà fún yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, tó rọ̀, tó jìn, kí èèyàn má baà rì. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí irin etí rẹ̀ mú, wà fún yìnyín tó ti dì gbagidi, kó lè rí ibi dì mú téèyàn bá ń yà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n, tí wọ́n ń fò bí ẹyẹ, ló ń lo èyí tó gùn tó sì le. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, kó mú èyí tó rọ̀, tí kò ga ju àgbọ̀n rẹ̀ lọ. Ìwọ tí o lọ lẹ́ẹ̀mejì péré, o ra àlòkù fífẹ̀ tó ga jù ọ́ lọ, torí pé ó pọ́ọ́kú. Ìyàwó mi ní yìnyín òkè yẹn ti dì bí òkúta, ìwọ ní wàá mánéèjì ẹ̀.

Ó ti gba fọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń yáni ní èyí tó tọ́, ó fi í ránṣẹ́ sí fóònù Joanna, Joanna sì kà á fún mi. Wọ́n ń béèrè bí o ṣe wúwo tó. Èyí yé mi, wọ́n fẹ́ mọ iye ọkùnrin tí yóò gbé ọ tí o bá ṣubú. Joanna ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé òun ni wọ́n fi ń ṣètò ìdè bàtà, kó lè tú kó tó ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀. Ó dáa, má purọ́ fún wọn o, o ti sanra.

Àkànní, o mọ̀ pé igbà méjì ni bàbá rẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Èyí tó ti gbó, tó ti dán, ti ẹ̀ẹ̀rùn ni. Tuntun tó rí ṣákiṣàki, tó ń di ara ọ̀pẹ mú, ti ìgbà òjò ni. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ti ẹ̀ẹ̀rùn ló wà nítòsí ilẹ̀kùn, òun ló sì gbé kọ́ èjìká. Mo ní kó padà wá mú èyí tó wà lórí ìṣó ní yàrá, ó ní ọjọ́ ti ń lọ, òun á mánéèjì èyí tó wà lọ́wọ́ òun. Orí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ ni wọ́n fi gbé òkú rẹ̀ wá bá mi. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Tó bá wá jẹ́ bàbá ẹni ló pa ńkọ́?

Mo fẹ́ kí o fi owó páànù ránṣẹ́, òrùlé ń jò sórí ibùsùn mi. Ṣùgbọ́n bí owó kò bá tó méjèèjì, fi yá pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ná. Èmi á máa fi abọ́ gbe omi òjò.

Kí Ọlọ́run tó ń mú yín gòkè bá mi mú ọ sọ̀kalẹ̀ ní àlàáfíà. Igbà òjò bàbá rẹ ṣì wà lórí ìṣó, tuntun ló wà títí di òní. Mi ò lè wò ó, mi ò sì lè sọ ọ́ nù. Jọ̀ọ́, má fi irú rẹ̀ kọ́ ara ògiri fún Monísọ́lá.

Èmi ìyá rẹ ni.