Ìran Epo Tí Láyí Rí Lórí Òkun

Ìrókò, lọ́nà Ìbàdàn
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìkórè àgbàdo

Láyí ọmọ mi, ọkọ mi,

Báwo ni Èkó, báwo ni òtútù etí òkun? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ejò inú oko rí ẹsẹ̀ wa kò ní jẹ́ kí mọ́tò Èkó rí tìrẹ. Àwa wà dáadáa. Ewúrẹ́ dúdú nì ti bí ìbejì, bàbá rẹ sì ní ọ̀kan nínú wọn ń dúró de ìgbéyàwó rẹ.

Lẹ́tà rẹ dé, mo gbé e lọ sí ìjọ, Wòlíì Hezekiah sì kà á sókè. O ní iṣẹ́ tí ìjọba gbé fún ọ ni pé kí o wo etí òkun láti Àgbádárìgì dé Lẹ́kì, kí o sọ ibi tí ọkọ̀ tó ń ru epo rọ̀bì lè fọ́ sí, ibi tí atẹ́gùn yóò gbé epo náà lọ, àti àwọn apẹja tí yóò ṣe ní jàǹbá. O ní kò tíì ṣẹlẹ̀ o, o kàn ń rí i tẹ́lẹ̀ ni. Gbogbo ìjọ hó yèè! A ò mọ̀ pé ìjọba ti ń gba aríran síṣẹ́, tí wọ́n tún ń san owó oṣù fún un. Ohun tó ya Wòlíì lẹ́nu ni pé o ríran tán, o ò sọ ààwẹ̀ tí a ó gbà. Wọ́n ní ọmọdé ló ń ṣe ọ́, wọ́n sì bá ọ fi kún un: ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, àbẹ́là funfun, àti Sáàmù àwọn tó ń tukọ̀ lójú òkun.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni bàbá rẹ bá dẹ́rù bà mí. Wọ́n ní bí àdúrà wa bá gbà, tí epo ò dà, ṣé ìjọba ò ní pè ọ́ ní aríran èké, kí wọ́n lé ọ? Ní ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú mo na ọwọ́, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dín àdúrà yìí kù, kí epo dà díẹ̀, bíi kẹ́ẹ̀gì kan péré, kí àwọn ọ̀gá ọmọ mi lè rí i pé kò purọ́. Ìyá Ọmọ́ṣọlá rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi já bọ́. Wòlíì ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé mo mọ ọmọ ẹni tí yóò wà lórí omi lọ́jọ́ tí kẹ́ẹ̀gì mi bá dà.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ìparí lẹ́tà rẹ, pé ìwọ fúnra rẹ máa wọ ọkọ̀ lọ wo bí omi ṣe ń ṣàn. Ìwọ tó jẹ́ pé èjìká bàbá rẹ lo máa ń gùn sọdá odò ẹ̀yìn ilé wa! Mo sunkún. Mo bẹ Ọlọ́run kó gbàgbé ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì, mo sì tún gba ààwẹ̀ mìíràn lémi nìkan. Bí wọ́n bá lé ọ, máa bọ̀ nílé. Iṣu kì í bi àgbẹ̀ léèrè ìran kó tó ta.

Mo fi omi àdúrà rán Elijah awakọ̀ sí ọ, mu ún kí o tó wọkọ̀. Ìgò karosíìnì ni mo rọ ọ́ sí, mo ti fi eérú fọ̀ ọ́. Bí epo díẹ̀ bá ṣì léfòó lórí rẹ̀, ìwọ lo kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń wò ó.

Fi owó àbẹ́là rán Elijah padà, kí o gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ o, nítorí iṣẹ́ ìjọba la ṣe. Fi ti ìró kún un, tèmi ti lu ní orúnkún níbi ìkúnlẹ̀.

Ìyá mìíràn a máa gbàdúrà kí ìran ọmọ rẹ̀ ṣẹ. Láyí, tìrẹ ò ní ṣẹ. Wàá rí i lọ́dún yìí, wàá rí i lọ́dún tó ń bọ̀, wàá rí i títí wàá fi hewú, epo ò ní dà, o ò sì ní bómi lọ. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Leah